Ẹ̀wà, Sniper àti gbohùngbohùn: èsì fún akọ̀wé ọjà kan ní Ìkòròdú

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa tí à ń ta ẹ̀wà, àgbàdo àti gààrí ní ọjà kan níbí ní Ìkòròdú. Láti ọjọ́ mélòó kan ni ohùn kan ti ń kiri lórí WhatsApp pé gbogbo ẹ̀wà tó wà ní Ìkòròdú ni wọ́n ti da Sniper, oògùn apakòkòrò, sí, pé ìkòkò kan ṣoṣo ti tó láti kó jẹjẹrẹ bá gbogbo ilé. Ọjà wá dá wáí. Àwọn kan nínú wa ní ká gbé gbohùngbohùn, ká sọ pé irọ́ ni. Àwọn kan ní ká dákẹ́, yóò kọjá lọ. Ìyálọ́jà wa ní kí n kọ ohun tí a ó kà nínú ọjà, ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ká má purọ́, mo mọ̀ pé àwọn kan ń da nǹkan sí ẹ̀wà lóòótọ́. Kí ni kí n kọ, báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ tí á fi yé àwọn ènìyàn?"

Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ìyá wa. Ohun tí ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn, pé ẹ mọ̀ pé àwọn kan ń dà á sí i, ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì yín débi tí ẹ ó fi gbé gbohùngbohùn kí ẹ sọ pé irọ́ ni. Irọ́ wà nínú ohùn WhatsApp náà, irọ́ ńlá sì ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ ló fi ṣe ìdí. Bí ẹ bá pe gbogbo rẹ̀ ní irọ́ lónìí, tí ọmọ ẹnì kan jẹ ẹ̀wà tó bì lọ́la, kò sí ohun tí ẹgbẹ́ yín tún máa sọ tí ará Ìkòròdú á gbọ́, ì báà jẹ́ lórí ẹ̀wà, ì báà jẹ́ lórí gààrí.

Dídákẹ́ náà kò ní gbà yín. Ẹ ó rántí Ebola ọdún 2014, tó wọ Èkó ní oṣù Keje. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ń kiri lórí fóònù pé kí gbogbo ayé fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi léde pé, ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ebola fúnra rẹ̀, ènìyàn 20 ló mú ní orílẹ̀-èdè yìí títí tó fi kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá, ó sì pa mẹ́jọ. Àrùn pa mẹ́jọ, àhesọ pa méjì. Kí ló gbé ọ̀rọ̀ omi iyọ̀ yẹn dé ilé gbogbo ènìyàn lóru ọjọ́ kan? Iyọ̀ wà ní ilé ìdáná gbogbo wa. Àhesọ náà fún ọwọ́ ní iṣẹ́ tó lè ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tí ẹnì kan sì sọ ohun tó lè ṣe fún un, kì í béèrè ìwé ẹ̀rí.

Ohun tí mo ń tẹnu mọ́ fún gbogbo àwọn wọlé-wọlé àti nọ́ọ̀sì tó ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ mi nìyẹn: ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ sọ bí ewu ṣe tó, kó sì sọ ohun tí ẹni tó ń gbọ́ yóò ṣe lónìí pẹ̀lú ohun tó wà nílé rẹ̀. Èyí tí kò bá ní méjèèjì, ariwo lásán ni. Ohùn tó dé ọ̀dọ̀ yín kò ní ìkankan nínú wọn. Ìdí rèé tí àwọn oníbàárà yín fi ṣe ohun kan ṣoṣo tó kù fún wọn: wọn ò ra ẹ̀wà mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá mọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Dichlorvos ni orúkọ oògùn tó wà nínú Sniper, òun náà ló sì wà nínú púpọ̀ nínú òtápíápíá tí wọ́n ń rọ sínú ìgò kékeré. Iṣan ni oògùn yìí ń bá jà. Nǹkan kan wà nínú ara wa tó máa ń sọ fún iṣan pé iṣẹ́ ti tó, kó sinmi. Dichlorvos á dí nǹkan náà lọ́wọ́, iṣan kò sì ní rí ìsinmi mọ́. Ìdí nìyẹn tí itọ́ fi máa ń dà lẹ́nu ẹni tó bá jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, tí òógùn á bò ó, tí dúdú inú ẹyinjú rẹ̀ á súnkì, tí á máa bì, tí ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, tí mímí á wá dogun. Láàárín ìṣẹ́jú sí wákàtí mélòó kan ni gbogbo èyí máa ń ṣẹlẹ̀. Kò ní dúró de ogún ọdún sí i.

Ibi tí ohùn WhatsApp náà ti ṣìnà jù lọ rèé. Ó pariwo jẹjẹrẹ, kò mẹ́nu ba èébì. Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, IARC, ti yẹ dichlorvos wò ní 1991, wọ́n sì fi í sí ìsọ̀rí tí wọ́n ń pè ní 2B, ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ, àmọ́ ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì tó. Inú ìsọ̀rí yẹn kan náà ni omi odindi ewé aloe vera wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n fi aspartame sí ní 2023, èyí tó ń mú ẹlẹ́rìndòdò tí kò ní ṣúgà dùn. Ìsọ̀rí wọn ń sọ bí ẹ̀rí ṣe lágbára tó; kò sọ bí ewu náà ṣe tó. Ìdí nìyẹn tí tábà àti ẹran bíi sọ́séèjì fi jọ wà ní ìsọ̀rí kìíní láti 2015, bẹ́ẹ̀ sọ́séèjì kò lè pa ìdá kékeré nínú iye ènìyàn tí tábà ń pa.

Ìyá tó bá gbọ́ "jẹjẹrẹ" á máa yẹ ara ọmọ wò fún kókó. Kò ní mọ̀ pé ọmọ tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tó ń bì lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ni ó yẹ kó gbé sáré. Nínú ìkìlọ̀, ewu tó sún mọ́ jù lọ, tó sì ní ohun tí a lè ṣe sí i, ni à ń dárúkọ. Ẹ yọ jẹjẹrẹ kúrò nínú ìkéde yín pátápátá.

"Gbogbo ẹ̀wà" tó sọ ńkọ́? Ní 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi òfin de ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà wá. Ohun tí wọ́n bá nínú àwọn èyí tí wọ́n dá padà jẹ́ láti 0.03 dé 4.6 mílígíráàmù dichlorvos nínú kílò kan, bẹ́ẹ̀ 0.01 ni òfin wọn gbà. Irú ènìyàn méjì ló máa ń ṣi òǹkà yẹn lò. Ọ̀kan á ní: ìlọ́po 460 ni o, gbogbo wa ti kú tán. Èkejì á ní: kí ni mílígíráàmù mẹ́rin ààbọ̀ jẹ́, òyìnbó kàn fẹ́ ba ọjà wa jẹ́ ni. Mi ò sí lẹ́yìn ìkankan nínú wọn. Òdiwọ̀n bí ìyẹn kì í ṣe ààlà ikú òun ìyè. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n máa ń fi í sí, pàápàá fún oògùn tí wọn ò fọwọ́ sí, kí ọmọdé tó ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ má bàa rí aburú. Ẹni tó jẹ ohun tó fi díẹ̀ kọjá rẹ̀ kò ní ṣubú lulẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlọ́po 460 ń sọ fún wa pé ẹnì kan da oògùn sí oúnjẹ láì wọ̀n ọ́n, ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń fi rẹ́rìn-ín. Ohun tí èmi rí nínú òǹkà náà jù lọ ni bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe jìnnà sí òkè. Ẹ̀wà kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta òdiwọ̀n, òmíràn jẹ́ ìlọ́po 460. Ọwọ́ ẹni tó dà á ló pinnu, kò sì sí ẹni tó lè fi ẹnu kan sọ̀rọ̀ lórí "gbogbo ẹ̀wà".

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú mọ ọ̀sà. Omi tó lè gbé ènìyàn lọ ló wà lábẹ́ gbogbo ọkọ̀ tó ń ṣí ní Ìpakodò, síbẹ̀ ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀, tó de ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, kò sí nínú ewu kan náà pẹ̀lú ẹni tó bẹ́ sómi láì mọ̀ ọ́n wẹ̀. Pé oògùn wà nínú ọjà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Iye tó dé inú abọ́ ọmọ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ọ̀rọ̀ kejì yìí sì ni ìkéde yín lè tún ṣe.

Ẹ yẹra fún ìdá nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú. Ní 2015 tí mo mẹ́nu bà lókè yẹn, ìròyìn káàkiri ayé ni pé ẹni tó bá ń jẹ 50 gíráàmù sọ́séèjì tàbí irú ẹran bẹ́ẹ̀ lójúmọ́, ewu jẹjẹrẹ ìfun á fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i fún un. Jìnnìjìnnì bo ènìyàn. Nígbà tí wọ́n wá fi orí ènìyàn kà á nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó ń jẹ ẹ́ níwọ̀nba, nǹkan bí 56 ni àrùn náà á mú láyé wọn. Nínú ẹgbẹ̀rún tó ń jẹ ẹ́ jù, nǹkan bí 66. Ènìyàn mẹ́wàá ló fi lé. Ìyá aláta tí kò mọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún lè fojú inú wo ènìyàn mẹ́wàá nínú ẹgbẹ̀rún kó sì pinnu fúnra rẹ̀. Àmọ́ ní ti yín, níwọ̀n bí ẹnikẹ́ni kò tíì wọn ẹ̀wà inú ọjà yín, ẹ má fi òǹkà kankan sínú ìkéde. Ẹ sọ pé ẹ kò tíì mọ̀. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ á ní gbólóhùn yẹn á sọ yín di ọ̀lẹ lójú oníbàárà. Ẹ má gbà fún wọn. Ẹni tó bá sọ ohun tí kò mọ̀ síta fúnra rẹ̀ ni a máa ń gbà gbọ́ nígbà tó bá sọ ohun tó mọ̀.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ohun tí wọn ó ṣe nílé. Wọ́n kó ìwé ìléwọ́ kan wá sí apá Ìmọ̀ta nígbà kan, mo sì wà níbẹ̀. Ìwé náà dùn ún wò, ó ní àwòrán agbárí òkú, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà pé "Ẹ fọ ẹ̀wà yín dáadáa kí ẹ tó sè é." Ìyá kan tó ń ta mọ́ínmọ́ín gbà á, ó kà á. Mo ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí wọ́n ní kó ṣe fún mi. Ó ní, "Wọ́n ní kí n máa fi ọṣẹ fọ ẹ̀wà." Mo bi í pé ibo ló ti rí ọṣẹ nínú ìwé náà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Wọ́n ní dáadáa. Ta ló ń fọ nǹkan dáadáa láìsí ọṣẹ?" Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, àmọ́ òun ló jàre. Ó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Àwọn tó kọ ọ́ ni kò sọ ọ́ tán. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Ọ̀rọ̀ májèlé ni mo yọ sílẹ̀ nínú òwe yẹn. Ẹ sọ odindi: irú omi wo, ẹ̀ẹ̀melòó, kí la ń dà nù, ìgbà wo la ń dà á nù.

Rírẹ ẹ̀wà àti bíbọ̀ ọ́ ń dín oògùn náà kù, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, náà ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń dín in kù ni o. Ẹ má sọ pé ó ń mú un kúrò tán.

Ẹ má sì kó àwọn àmì tí ènìyàn ń dá sílẹ̀ fúnra wọn mọ́ ọn. Mo ti gbọ́ ọ àìmọye ìgbà pé ẹ̀wà tí kòkòrò ń rìn nínú rẹ̀ ni ojúlówó, pé èyí tí kò ní kòkòrò ti jẹ Sniper. Kòkòrò alààyè lè fi hàn pé kò sí oògùn tó lágbára níbẹ̀ lónìí, kò sọ ohun tí wọ́n ti dà sí i ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Ẹ̀wà tí kò ní kòkòrò sì lè jẹ́ èyí tí ẹnì kan fara balẹ̀ tọ́jú. Òórùn náà, ẹ fi ọgbọ́n lò ó. Bí oògùn bá ń rùn lára ẹ̀wà, ẹ má rà á. Bí kò bá rùn, dichlorvos máa ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, nítorí náà ẹ rẹ ẹ́ síbẹ̀síbẹ̀.

Àmọ́ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà rárá, ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́wà fúnra wọn ń bẹ. Ẹni tó ń da Sniper sí ẹ̀wà kì í ka ara rẹ̀ sí apànìyàn. Owó tó yá ló fi ra àpò, kòkòrò sì lè sọ àpò náà di ìyẹ̀fun kó tó tà á tán. Bí ẹ bá kàn ní "ẹ jáwọ́", á jáwọ́ lójú yín, á sì máa ṣe é lóru. Ẹ fún un ní nǹkan mìíràn. Àpò onípele mẹ́ta kan wà tí wọ́n ń pè ní PICS, ọ̀rá méjì nínú, àpò líle lóde. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀wà àwọn àgbẹ̀ Kamẹrúùnù ní àwọn ọdún 1980, ó sì ti wà ní Nàìjíríà tipẹ́. Bí ẹ bá di ẹnu ọ̀rá náà pinpin lọ́kọ̀ọ̀kan, kòkòrò inú rẹ̀ á lo afẹ́fẹ́ tó kù tán, á kú síbẹ̀, ẹ kò da nǹkan kan sí i. Fún ẹni tí ọjà rẹ̀ kò ju kóńgò mélòó kan lọ, kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ, tó ní ìdérí líle, tí ẹ kún un dé ẹnu, ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ sá ẹ̀wà náà kó gbẹ dáadáa kó tó wọlé, kó má bàa bu. Ẹ tún kìlọ̀ fún wọn nípa oògùn oníhóró tí wọ́n máa ń tì bọ àárín àpò. Gáàsì ló ń tú jáde, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun bí àpò bá wà nínú yàrá tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Òfin náà wà lẹ́yìn yín. Láti 2019 ni NAFDAC ti fi òfin de títa ìgò kékeré Sniper, èyí tó jẹ́ 100 ml, nínú ọjà gbangba àti ilé ìtajà ńlá. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń kiri rẹ̀ láàárín ìsọ̀ yín, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti lé e.

Ẹ má dárúkọ ẹ̀yà kankan, mo bẹ̀ yín. Òkè Ọya ni púpọ̀ nínú ẹ̀wà yín ti ń wá, ẹnu kan tó bá ṣì sọ pé "àwọn báyìí ló ń ṣe é" lórí gbohùngbohùn, Sábó lè gbóná kí ilẹ̀ tó ṣú. Òtítọ́ náà kọ́ ni. Oògùn lè wọ àpò ní oko, ní ilé ìkẹ́rùsí, nínú ọkọ̀ tàbí ní ìsọ̀ ẹni tó ń fi kóńgò wọ̀n ọ́n. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ wá ẹni tí yóò kà á ní Hausa, ní Ìgbò àti ní Ègùn.

Ẹ má sì bú ẹnikẹ́ni. Ní 2011, àwọn dókítà ní Boston, Amẹ́ríkà, rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan. Tìróò tó ti Nàìjíríà wá, tí àwọn òbí rẹ̀ ń lé fún un, ló fà á. Nínú gíráàmù mẹ́wàá tìróò náà, ó lé ní mẹ́jọ tó jẹ́ òjé. Wọ́n ń lé e kí ojú ọmọ lè dára, kó sì ríran kedere. Ìfẹ́ ni. Bí ẹ bá pe irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní aláìmọ̀kan níbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, etí rẹ̀ ti di kí ẹ tó dé orí òjé.

Ohun tí mo dábàá rèé. Ẹ tún un ṣe sí ẹnu ọjà yín, àmọ́ ẹ má fi kún un:

"Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́wà àti alágbàdo ló ń kí yín. Àwọn kan máa ń da Sniper tàbí òtápíápíá sí ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀wà ló rí bẹ́ẹ̀. A kò tíì mọ èyí tó ní in àti èyí tí kò ní in, nítorí a kò lè fi ojú mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹ ó ṣe nílé rèé. Ẹ fi omi lásán fọ ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, ẹ da omi náà nù. Ẹ gbé e kaná kó hó, ẹ da omi àkọ́kọ́ nù, kí ẹ tó fi omi tuntun sè é. Èyí ń dín oògùn kù. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn oògùn lára ẹ̀wà, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má fún adìẹ jẹ. Ẹ gbé e padà wá, a ó dá owó yín padà. Bí ẹnì kan bá jẹun tán, tó ń bì, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, tàbí kí ẹ pe 767 tàbí 112. Ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì, ẹ má sì fi tipá mú un bì. Láti òní lọ, a kò gba Sniper láàyè nínú ìsọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wa. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, a ó tún bá yín sọ̀rọ̀."

Ẹ ó rí i pé mi ò tún ohun tí WhatsApp sọ sọ, kódà láti já a nírọ́. Ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ lè tipa ẹnu yín gbọ́ ọ, òun ni yóò sì rántí. Ọ̀rọ̀ epo pupa yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń sáré wá. Epo kì í pa dichlorvos, ó sì lè gba ọ̀nà òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń bì. Oògùn tó ń ṣiṣẹ́ wà lọ́wọ́ dókítà, àkókò tí ẹ fi ń wá epo sì ni àkókò tó yẹ kí ẹ fi dé Jẹ́nẹ́rà. Bí ìgò oògùn bá wà nítòsí, kí wọ́n gbé e dání lọ.

Gbólóhùn tí ẹgbẹ́ yín á bá yín jà lé lórí ni ti dídá owó padà. Ẹ di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Oníbàárà tí ẹ sọ ewu fún, tí ẹ sì ní kó fi àdánù rẹ̀ ṣe sùúrù, á gbà pé ojú ayé ni ẹ ń ṣe. Ìwọ̀nba kóńgò ni yóò padà wá, bí ẹ bá sì wò ó, èyí tó padà wá yẹn ni yóò tọ́ka àpò tó ní ìṣòro fún yín.

Ìyẹn mú mi dé orí àkọsílẹ̀. Ní 2008, nígbà tí májèlé kan, diethylene glycol, wọ inú oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tó sì pa ọmọ 84, oògùn náà ní orúkọ àti nọ́ńbà lára ìgò, ìyá tó di ìgò mú nílé sì lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá tirẹ̀ wà nínú èyí tí wọ́n ń kìlọ̀ rẹ̀. Ẹ̀wà kóńgò kò ní nọ́ńbà. Ẹ fún un ní ọ̀kan. Kí gbogbo ẹlẹ́wà máa fi yíǹkì kọ ọjọ́ tí àpò wọlé àti ẹni tó gbé e wá sára àpò, kí akọ̀wé, ìyẹn ẹ̀yin, sì kọ ọ́ sínú ìwé kan. Bí wọ́n bá dá ẹ̀wà padà, ẹ ó mọ àpò, ẹ ó sì mọ àwọn tó kù tí wọ́n rà nínú ọkọ̀ yẹn kan náà. Nígbà yẹn, ìkéde yín tó ń bọ̀ lè dárúkọ ẹ̀wà tó wọlé lọ́jọ́ báyìí, dípò kó máa kó jìnnìjìnnì bá ẹni tó ra tiẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn.

Ní ti ẹni tí yóò kà á, kó má jẹ́ ẹni tó ní ẹ̀wà jù nínú ọjà. Ẹ wá wọlé-wọlé ìjọba ìbílẹ̀ tàbí nọ́ọ̀sì láti ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, kí Ìyálọ́jà dúró tì í. Ẹ jẹ́ kí Ìyálọ́jà ka ọ̀rọ̀ yìí kan náà sórí fóònù, kó máa lọ lórí WhatsApp, nítorí ibẹ̀ ni àárẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe ìkankan, ẹ kọ́kọ́ kà á fún alábàárù kan, fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan àti fún ìyá àgbà kan tí kò sí nínú ẹgbẹ́. Ẹ má bi wọ́n pé ṣé ó yé wọn. Wọn ó ní ó yé àwọn. Ẹ ní kí wọ́n sọ ohun tí wọn ó ṣe bí wọ́n bá délé lálẹ́ yìí fún yín. Ibi tí wọ́n bá ti tàsé ni ẹ ó tún kọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ tí ẹ dá, ẹ má yẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá ti kọ̀wé sí NAFDAC kí wọ́n wá mú ẹ̀wà lọ fún àyẹ̀wò, tí èsì kò tíì dé, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí ohun tuntun rárá, ẹ ṣì gbé gbohùngbohùn, ẹ sọ pé kò tíì sí, ẹ tún ìlànà fífọ àti rírẹ náà kà, kí ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ tún ń bọ̀, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀. Kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú kan lọ.